"Orúnkún ń dùn mí": Àwáwí tí màmá àgbà mi fi bo ìtọ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n jáde nílé

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fẹ́ ṣe ìgbéyàwó lọ́dún tó kọjá, ẹni tí gbogbo wa rò pé yóò kọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn ló kọ́kọ́ sọ pé òun ò ní lè wá. Aṣọ ẹbí ti dé láti Ìbàdàn. Ibi àpèjẹ náà kò sì jìnnà sí ilé màmá àgbà wa ní Peckham, ní gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n màmá ní orúnkún ń dun àwọn. Nígbà tó yá, wọ́n ní òtútù ló pọ̀ jù. Oṣù kẹjọ ni ìgbéyàwó náà bọ́ sí o.

Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Oníjó ni wọ́n. Bí wọ́n bá gbọ́ ìlù, ara wọn kì í gbà á. A ò rò ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. A kàn ní àgbà ti ń dé ni.

Ìgbà ìsinmi Àjíǹde ni mo tó mọ òótọ́ ọ̀rọ̀, nígbà tí mo kúrò ní yunifásítì lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wọn. Lóru ọjọ́ àkọ́kọ́, mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn tí wọ́n ń sáré lọ sí ilé ìtọ̀ ní nǹkan bí aago kan. Mo tún gbọ́ ọ ní aago méjì ààbọ̀. Mo tún gbọ́ ọ ní aago mẹ́rin. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rí aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti fọ̀, tí wọ́n sá sórí hítà nínú yàrá, tí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn kí n má baà rí i.

Mo jókòó tì wọ́n. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n ń rí oorun sùn. Wọ́n kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́.

"Ọmọ mi, ìtọ̀ ló ń gbọ̀n mí. Tó bá ti dé, kì í fún mi láyè rárá. Kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó ti jáde. Ṣé inú gbọ̀ngàn tí èrò kún ni kí n ti wá máa tọ̀ sí aṣọ ẹbí?"

Mo ní ṣé wọ́n ti sọ fún dókítà. Wọ́n wò mí bíi pé mo bú wọn. "Kí n ní kí ló ń ṣe mí? Ọjọ́ orí ni. Bó ṣe ṣe ìyá mi náà nìyẹn."

Wọ́n ti gbà mí láyè láti kọ ọ̀rọ̀ yìí, bí mi ò bá ṣáà ti dárúkọ wọn. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé kì í ṣe ọjọ́ orí lásán, ó sì ní àtúnṣe. Púpọ̀ nínú àtúnṣe náà kì í ṣe oògùn. Ohun tó kù ni ẹni tí yóò bá àwọn màmá wa sọ ọ́ ní èdè tí wọ́n gbọ́, ẹni náà sì lè jẹ́ èmi tàbí ìwọ.

Kí ló ń ṣe àpò ìtọ̀?

Kíndìnrín ló ń ṣe ìtọ̀, tó ń dà á díẹ̀díẹ̀ sínú àpò tó wà nísàlẹ̀ ikùn. Àpò yìí lè gba nǹkan bíi mílílítà 400 sí 500, ìyẹn bí ife tíì ńlá méjì. Bó ṣe ń kún, iṣan tó yí i ká máa ń dẹ̀, á sì dúró jẹ́jẹ́ títí ọpọlọ yóò fi sọ pé àyè ti wà wàyí. Ìgbà náà ni iṣan á ṣẹ̀ṣẹ̀ fún àpò náà pọ̀ tí ìtọ̀ á jáde.

Lára ẹni tí àpò ìtọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ àṣejù, iṣan yìí kì í dúró gba àṣẹ. Àpò náà lè má tíì kún dé ìdajì tí iṣan á ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Ohun tí onítọ̀hún á mọ̀ lára ni ìtọ̀ òjijì tí kò ṣe é mú mọ́ra. Ó lè máa lọ tọ̀ nígbà mẹ́jọ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ọ̀sán àti òru kan. Ó lè máa jí lóru léraléra. Nígbà mìíràn, ìtọ̀ á jáde kó tó dé ibi tó ń lọ.

Èyí yàtọ̀ sí ìtọ̀ tó máa ń ta sílẹ̀ nígbà tí èèyàn bá wúkọ́, tó bá sín, tó bá rẹ́rìn-ín tàbí tó gbé ẹrù. Ìyẹn, iṣan tó ń di ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ mú ló dẹ̀. Àwọn obìnrin kan ní méjèèjì pọ̀.

Bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, hòmóònù ẹ́sítírójẹ̀n á dín kù lára rẹ̀, èyí sì máa ń nípa lórí agbègbè ibi tí ìtọ̀ ń gbà. Ìbímọ náà ti fa iṣan abẹ́ rí. Ìdí nìyẹn tó fi wọ́pọ̀ láàárín àwọn màmá àgbà. Ṣùgbọ́n pé nǹkan wọ́pọ̀ láàárín àgbà kò sọ pé kí a fi í sílẹ̀. Ojú àgbà náà máa ń ṣe bàìbàì, a sì ń ra awò fún wọn.

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìtọ̀ wò

Ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta kí màmá tó gbà pé kí a pe dókítà. Nọ́ọ̀sì ló gbà wá lálejò. Ohun àkọ́kọ́ tó béèrè fún ni ìtọ̀ nínú ike kékeré.

Ìdí rẹ̀ ni pé nǹkan mìíràn lè fara jọ ọ́. Kòkòrò àìsàn tó wọ ojú ọ̀nà ìtọ̀ máa ń mú èèyàn tọ̀ léraléra. Àtọ̀gbẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, orúkọ tí àwọn baba wa fún un ti sọ ọ́ tán. Bákan náà, lára àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn gan-an ni láti mú kí omi jáde lára. Màmá ń lo ọ̀kan nínú wọn, alẹ́ ni wọ́n sì ń lò ó. Dókítà ló yí i padà sí òwúrọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá oògùn dúró tàbí yí àkókò rẹ̀ padà fúnra rẹ̀.

Àwọn àmì kan tún wà tí kò yẹ kí a fi falẹ̀ rárá: ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, ìrora nígbà tí wọ́n bá ń tọ̀, ìtọ̀ tó kọ̀ tí kò jáde, ikùn tó ń wú tí kò lọ, tàbí ẹsẹ̀ tó ṣàdédé kú tìpìrì. Ẹ tètè gbé wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe: omi

Ọgbọ́n tí màmá ti ń dá láti bí ọdún méjì ni pé wọn kì í mu omi. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, láti alẹ́ Saturday ni wọ́n ti ń gbààwẹ̀ omi. Èmi náà ti bá wọn dá sí i. Bí a bá jọ jáde, èmi ni mo máa ń sọ pé, "Màmá, ẹ má tíì mu ún o." Ojú ń tì mí báyìí tí mo bá rántí.

Tí omi bá kéré lára, ìtọ̀ á ki, ìtọ̀ tó ki sì máa ń bí àpò ìtọ̀ nínú. Ìgbẹ́ náà á le, ìgbẹ́ tó dì sínú á sì máa ti àpò ìtọ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òòyì á máa kọ́ àgbàlagbà. Ìmọ̀ràn NHS fún èèyàn ni ife mẹ́fà sí mẹ́jọ lójúmọ́, àyàfi bí dókítà bá sọ ohun mìíràn nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín.

Àkókò tí wọ́n ń mu ún ló yẹ kí a tún ṣe. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á sì dáwọ́ dúró ní bí wákàtí méjì sí mẹ́ta kí wọ́n tó sùn. A tún rí i pé ẹ̀kọ mímu tí wọ́n ń fi ṣe oúnjẹ alẹ́, omi ni. Ó di oúnjẹ àárọ̀. Ẹ̀fọ́, ewédú, ẹ̀wà àti ọsàn wá pọ̀ sí i nínú oúnjẹ wọn kí ìgbẹ́ má baà le.

Ẹsẹ̀ wọn tún máa ń wú tí ó bá di ìrọ̀lẹ́. Omi tó kó sí ẹsẹ̀ lọ́sàn-án ló máa ń padà sínú ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn bá dùbúlẹ̀, tí á wá di ìtọ̀ òru. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa gbé ẹsẹ̀ sórí àpótí lọ́sàn-án fún bí wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n ń wo fíìmù Yorùbá ni wọ́n ń ṣe ìyẹn, wọn ò sì ráhùn.

Ife tíì mélòó? Obì mélòó?

Nọ́ọ̀sì béèrè iye ìgbà tí wọ́n ń mu tíì lójúmọ́. Màmá ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, mi ò kàn fẹ́ já irọ́ màmá níwájú àlejò.

Gbogbo wa tí wọ́n tọ́ nílé Yorùbá la mọ̀ pé ohunkóhun tó bá gbóná nínú ife, tíì ni. Lipton, tíì ni. Nescafé, tíì ni. Milo àti Bournvita, tíì ni. Nígbà tí a délé tí a kà á dáadáa, ife márùn-ún ni.

Kaféènì ni wàhálà tó wà níbẹ̀. Ó máa ń mú kí ara ṣe ìtọ̀ púpọ̀ sí i, ó sì máa ń ta àpò ìtọ̀ jí. Ó wà nínú kọfí, nínú tíì dúdú, nínú tíì aláwọ̀ ewé tí àwọn kan rò pé kò lè pa èèyàn lára, nínú Coke àti nínú àwọn ohun mímu tó ń fúnni lágbára. Díẹ̀ wà nínú kòkó pẹ̀lú. Ọtí àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò náà lè bí àpò ìtọ̀ àwọn kan nínú.

Ohun kan kò sí nínú ìwé pélébé tí wọ́n fún wa, nítorí pé kì í ṣe àwọn màmá wa ni ẹni tó kọ ọ́ ń rò. Obì ni. Kaféènì wà nínú obì gan-an, òun náà ló ń lé oorun lọ. Láti ara obì ni orúkọ "cola" ti wá. Màmá a máa jẹ obì lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, wọ́n a sì jẹ ẹ́ dáadáa bí wọ́n bá ń lọ sí ìṣọ́ òru. Bí ẹ̀yin ọmọ ò bá sọ ọ́, kò sí nọ́ọ̀sì tí yóò béèrè rẹ̀.

A ò dá gbogbo rẹ̀ dúró lójú ẹsẹ̀, nítorí orí fífọ́ lè tẹ̀ lé e. Ife kan ni a ń yọ lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tíì tí wọ́n ti yọ kaféènì rẹ̀ kúrò dípò ti àárọ̀, tíì koríko ọba dípò ti ìrọ̀lẹ́. Obì kù sí ọjọ́ tí wọ́n bá ń ṣe ìsọmọlórúkọ.

Kíkọ́ àpò ìtọ̀ ní sùúrù

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ṣe ń kọ́ àpò ìtọ̀. NICE, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú fún NHS, ní èyí ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú fún obìnrin tó bá ní irú ìṣòro yìí, ó kéré tán fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ìwé ni ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, a kọ gbogbo ohun tí màmá mu, àkókò tí wọ́n tọ̀, àti ìgbà tí ó jáde kí wọ́n tó débẹ̀. Ìgbà 13 ni wọ́n tọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mẹ́rin nínú rẹ̀ lóru. Púpọ̀ nínú ti ọ̀sán ni wọ́n lọ nítorí "bóyá": bóyá bọ́ọ̀sì á pẹ́, bóyá àlejò á dé. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń lọ tọ̀ nígbà gbogbo láìjẹ́ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, àpò á kọ́ láti máa gba ìwọ̀nba kékeré.

Wákàtí kan ni wọ́n lè mú un mọ́ra nígbà náà. Nítorí náà, wákàtí kan la fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìyẹn ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn, a fi ìṣẹ́jú 15 kún un. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mélòó kan, a tún fi 15 kún un. Ibi tí à ń lọ ni wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin.

Bí ìtọ̀ bá dé kí àkókò tó pé ńkọ́? Ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́ wọn ni pé kí wọ́n má ṣe sáré. Kí wọ́n dúró tàbí kí wọ́n jókòó. Kí wọ́n fún iṣan abẹ́ pọ̀ kíákíá bíi ìgbà márùn-ún. Kí wọ́n mí kanlẹ̀, kí wọ́n ka nǹkan lọ́kàn. Ìtọ̀ òjijì dà bí ìgbì òkun, ó máa ń ga, ó sì máa ń rọlẹ̀. Bó bá ti rọlẹ̀, kí wọ́n wá rìn lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Iṣan tí kò lórúkọ lẹ́nu mi

Iṣan abẹ́ yìí ló tì mí lójú jù nínú gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń pè é ní "pelvic floor", ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ fún màmá. Èmi tí mo ń pe ara mi ní akọ̀ròyìn èdè Yorùbá, mo dákẹ́. Mo wá ní, "Màmá, ẹ ṣe bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, tó tún ń há isó mọ́ra níwájú pásítọ̀." Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n ó yé wọn.

Ọdún 1948 ni dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Arnold Kegel, gbé ìwé jáde nípa eré ìdárayá iṣan yìí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Ẹ fún un pọ̀, ẹ gbé e sókè sínú, ẹ mú un fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ẹ tó tú u sílẹ̀ pátápátá. Ìgbà mẹ́jọ nínú ìjókòó kan, ìjókòó mẹ́ta lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Kí wọ́n má ṣe sé èémí. Kí wọ́n má sì sọ ọ́ di àṣà láti máa ṣe é nígbà tí ìtọ̀ ń jáde lọ́wọ́. Bí kò bá dá wọn lójú pé iṣan tó yẹ ni wọ́n ń fún, nọ́ọ̀sì lè yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ti nǹkan síta dípò kí wọ́n fà á sínú.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?

Èmi náà béèrè. Ní 1998, ìwé ìròyìn ìmọ̀ ìṣègùn JAMA gbé ìwádìí kan jáde nípa obìnrin 197 ní Amẹ́ríkà, ẹni ọdún 55 sí 92. Lára àwọn tí wọ́n kọ́ ní fífún iṣan àti bí a ṣe ń dá ìtọ̀ òjijì dúró, iye ìgbà tí ìtọ̀ ń jáde mọ́ wọn lára dín kù ní nǹkan bí ìdá 81 nínú ọgọ́rùn-ún. Lára àwọn tó lo oògùn, ìdá 69. Lára àwọn tí wọ́n fún ní ayédèrú oògùn láti fi ṣe àfiwé, ìdá 39.

Sísanra náà ní tiẹ̀ nínú. Ìwádìí mìíràn tó jáde ní 2009 nípa obìnrin 338 tó sanra jù fi hàn pé àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ láti dín oúnjẹ kù, tí wọ́n sì ń ṣe eré ìdárayá fún oṣù mẹ́fà, fi ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́. Ìtọ̀ tó ń jáde mọ́ wọn lára sì dín kù ní ìdá 47. Ti àwọn tí wọ́n kàn fún ní ẹ̀kọ́ lásán dín kù ní ìdá 28. Ara tó wúwo máa ń tẹ àpò ìtọ̀ mọ́lẹ̀.

Oògùn wà, ó sì ń ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú rẹ̀ lè mú kí ẹnu gbẹ, kí ìgbẹ́ le, kí iyè àgbàlagbà sì máa ra. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fẹ́ kí a kọ́kọ́ gbìyànjú ìyípadà ìgbé-ayé.

Nínú ilé náà, a yọ rọ́ọ̀gì tó wà lójú ọ̀nà ilé ìtọ̀, a sì fi iná kékeré síbẹ̀. Àgbàlagbà tó ń sáré nínú òkùnkùn lóru lè ṣubú kí ó fi egungun itan dá. A tún ra kọ́kọ́rọ́ Radar fún wọn, èyí tó ń ṣí ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláìlera káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Oṣù kẹjọ

Mi ò ní parọ́ fún yín pé ó lọ ráúráú. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ le. Ọjọ́ kan wà tí màmá ju ìwé náà sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ò kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé. Nígbà tí ó di oṣù kẹta, ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n ń tọ̀ lójúmọ́ dípò 13, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lóru. Ó ṣì máa ń ta sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì máa ń lo páàdì tí wọ́n bá ń jáde.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, a fi ìjókòó wọn sí tòsí ilẹ̀kùn. Mo fi aṣọ mìíràn sínú báàgì mi, a ò sì lò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n dìde lọ tọ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ìyàwó. Nígbà tí onílù kì wọ́n, wọ́n jó débi pé ẹ̀gbọ́n mi sunkún. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kan orúnkún.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn màmá wa ti dákẹ́ púpọ̀ nílùú onílùú, nítorí ìtìjú àti nítorí pé èdè tí wọ́n fi ń béèrè nǹkan lọ́dọ̀ dókítà kì í ṣe tiwọn. Bí màmá àgbà tìrẹ bá ti ń kọ òde, tí wọ́n ń jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, tí wọn ò sì mu omi tí o gbé fún wọn, má bi wọ́n bóyá wọ́n ń tọ̀ sára. Pè wọ́n lálẹ́ òní, kí o kàn béèrè pé, "Màmá, ṣé ẹ ń rí oorun sùn dáadáa lóru?" Lẹ́yìn náà, kí o fara balẹ̀ gbọ́.